Oògùn Inú Àádùn

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láti Òsì títí dé Ọ̀tùn, ẹ̀ṣẹ̀ tí mo sì máa ń torí rẹ̀ na ọmọ jù lọ ni irọ́. Ọmọ tó bá pẹ́ dé, mo lè gbójú fò ó. Èyí tí kò bá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, mo lè ní kó kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ojú mi tó purọ́, ẹgba ni. Àwọn tí mo nà nígbà náà ti di bàbá, wọ́n ti di ìyá, wọ́n sì máa ń kí mi lójú pópó pé, "Tíṣà, ẹ ṣeun, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa." Mo máa ń dá wọn lóhùn tìyìntìyìn. Wọn kò mọ̀ pé ọdún mẹ́rin gbáko ni èmi alára fi po irọ́ mọ́ epo pupa ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì.

Àádùn ni mò ń sọ. Màá yan àgbàdo títí òórùn rẹ̀ á fi dé ilé kejì, màá gbé e lọ sí ẹ̀rọ, màá ní kí wọ́n lọ̀ ọ́ kó kúnná dáadáa. Tí mo bá padà délé, màá ti ilẹ̀kùn. Màá kó hóró oògùn méje sílẹ̀, màá fi ọmọ ọlọ lọ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, màá sì po ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun àgbàdo àti epo àti iyọ̀ díẹ̀, kí ti ọjọ́ kan má baà pọ̀ ju ti ọjọ́ kejì lọ. Lẹ́yìn náà ni màá wé wọn sínú ewé, wọ́n á jẹ́ méje. Ní àárọ̀ Sátidé, màá wọ mọ́tò láti Ọ̀tùn lọ sí Ìkọ̀lé, níbi tí ọmọ mi obìnrin wà, pẹ̀lú àádùn méje nínú àpò mi.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Ó ga jù mí lọ, ó sì sanra díẹ̀, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ kò kúrò níbi tí ti ọmọ ọdún mẹ́fà máa ń wà. Ó lè wẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹnìkan bá dúró tì í tó ń sọ fún un pé ó ku ẹ̀yìn, ó ku abẹ́ apá. "Màmi" ló ń pè mí. Gbogbo ọkùnrin tó bá ní irùngbọ̀n ló ń pè ní "Dádì", èyí sì ti kó ìtìjú bá mi nínú mọ́tò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bàbá rẹ̀ gan-an ti kú. Èmi nìkan ni mò ń tọ́jú rẹ̀ títí di ọjọ́ tí mo yọ̀ ṣubú nínú balùwẹ̀, tí egungun ìbàdí mi yẹ̀. Láti àárọ̀ di ọ̀sán ni mo fi wà nílẹ̀ níbẹ̀. Òun náà jókòó tì mí, ó ń fi ọwọ́ pa mí lórí, ó rò pé oorun ni mò ń sùn. Mo ní kó lọ pe ará ilé kejì, ó ní, "Màmi, ẹ sùn." Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé tí mo bá kú sínú ilé yẹn, yóò jókòó ti òkú mi títí ebi yóò fi pa òun náà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi wá ilé fún un. Ìjọ kan ló dá ilé kan sílẹ̀ ní Ìkọ̀lé fún àwọn àgbàlagbà tó rí bíi tirẹ̀. Àwọn mẹ́sàn-án ni wọ́n ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́, wọ́n ń sin adìyẹ. Obìnrin tó ń bójú tó wọn kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n "Mọ́mì" ni gbogbo ayé ń pè é, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó mọ́ tónítóní, kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni, ó sì máa ń gbàdúrà lórí ohun gbogbo, títí kan ẹ̀rọ omi tó wà níwájú géètì wọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí mi ò sọ fún un ni pé wárápá ń ṣe ọmọ mi.

Ẹni tó bá dàgbà lọ́dọ̀ wa kò nílò àlàyé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣe é fún àwọn yòókù. Ẹni tí wárápá bá ń gbé ṣubú, wọn kì í bá a jẹun pọ̀. Wọ́n gbà pé itọ́ rẹ̀ ń ràn. Tó bá ṣubú láàárín ọjà, àwọn ènìyàn á sá, wọ́n á tún máa wo ilẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sá kí wọ́n má baà tẹ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá ní Ìdó sọ fún mi pé irọ́ gbáà ni, pé ọpọlọ ni àìsàn náà ti ń wá, kò lè ran ẹnikẹ́ni. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n dókítà kọ́ ló ń bá wa gbé ilé.

Kó tó dé Ìkọ̀lé, mo ti kọ́kọ́ mú un lọ sí ilé mìíràn, mi ò ní sọ ìlú tó wà. Òtítọ́ ni mo sọ fún wọn níbẹ̀. Wọ́n ní kò sí wàhálà, ọmọ Ọlọ́run ni gbogbo wa. Ní ọjọ́ kẹta wọ́n ní kí n wá. Nígbà tí mo dé, ọmọ mi ń bẹ lórí òkúta níta géètì pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Wọ́n ti kó abọ́ rẹ̀ àti ife rẹ̀ àti ṣíbí rẹ̀ sínú ọ̀rá, wọ́n so ó pinpin, òṣìṣẹ́ tó sì gbé e fún mi fi igi kọ́ ọ. Igi o! Mo bú òṣìṣẹ́ náà tìyá-tìyá, mo bú ẹni tó gbà á síṣẹ́, mo bú ẹni tó kọ́ ilé náà. Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni mò ń ṣe fún òun.

Torí náà nígbà tí mo dé Ìkọ̀lé, tí wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, tí mo rí ibi tí wọ́n ti bèèrè bóyá wárápá ń ṣe é, mo fi ìkọ̀wé tíṣà tó mọ́ roro kọ ọ́ síbẹ̀ pé, Rárá.

Ó wá ku bí yóò ṣe máa lo oògùn lójoojúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Mo ronú fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo wá sọ fún Mọ́mì pé èèwọ̀ kan wà nínú ìdílé bàbá rẹ̀: àkọ́bí obìnrin kò gbọdọ̀ fi ohun mìíràn ṣínu láàárọ̀ àfi àádùn tí ìyá rẹ̀ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ pò, ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Ìdílé bàbá rẹ̀ ń bọ Ògún lóòótọ́. Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú èèwọ̀ wọn. Èmi tí mò ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Áńgílíkà ni mo jókòó tí mo hun ún látòkèdélẹ̀. Mọ́mì yínmú sí i, ó ní Jésù ti mú gbogbo èèwọ̀ kúrò, ṣùgbọ́n kò jẹ́ dán an wò. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ní òun kò gba èèwọ̀ gbọ́ kì í fi ti ẹlòmíràn ṣeré. Ó ń fún un ní ẹyọ kan láràárọ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ọdún mẹ́rin, ọmọ mi kò ṣubú. Mo tilẹ̀ ń yangàn nínú ara mi pé mo gbọ́n.

Lẹ́yìn náà ni kòrónà dé.

A kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ lórí rédíò bí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè òkun. Nígbà tó yá wọ́n ní ó ti wọ Èkó, wọ́n ní ó ti wọ Èkìtì, wọ́n sì kéde kónílé-ó-gbélé. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà ni Mọ́mì pè mí lórí fóònù.

"Màmá, ẹ má wá ní Sátidé yìí o. A ti ti géètì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé, ohunkóhun kò sì gbọdọ̀ ti ìta wá, ì báà jẹ́ oúnjẹ, ì báà jẹ́ aṣọ. Wọ́n ní àìsàn náà máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan."

"Àádùn rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyẹn náà, Màmá."

"Mọ́mì, ẹ mọ̀ pé èèwọ̀ ni."

Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ohùn ẹni tó ń tu ènìyàn nínú. "Màmá mi, ó pẹ́ tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn síwájú Olúwa. Bóyá àkókò yìí ló fẹ́ lò láti já àjàgà náà kúrò lọ́rùn ọmọ yìí. Èmi àti àwọn òṣìṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí rẹ̀ lọ́la. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Mo ní ó ṣeun. Mo jókòó sórí àga ìdáná, fóònù ṣì wà lọ́wọ́ mi. Tí mo bá sọ pé oúnjẹ lásán ni, kò ní gbà á. Mo sọ pé èèwọ̀ ni, wọ́n ń gbààwẹ̀ lé e lórí. Ẹyọ àádùn kan ṣoṣo ló kù lọ́dọ̀ ọmọ mi, ti ọjọ́ Ẹtì.

Dókítà ti kìlọ̀ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Màmá, tó bá dá oògùn yìí dúró lójijì, ó lè ṣubú léraléra. Ó lè ṣubú kó má dìde mọ́." Ọ̀rọ̀ yìí ni mò ń gbọ́ bí mo ṣe ń fọ abọ́, tí mò ń gbálẹ̀. Ẹ ó ní, kí ló dé tí mi ò pe obìnrin náà padà kí n sọ òtítọ́ fún un? Mo gbé fóònù, mo gbé e sílẹ̀, mi ò mọ iye ìgbà. Mo ń rí òkúta níta géètì. Tí wọ́n bá lé e jáde ní àkókò yẹn, kò sí mọ́tò tí yóò gbé e wálé. Tí mo bá sì ti rí i mú wálé, kò sí ilé kankan tí yóò tún gbà á, ọjọ́ tí mo bá sì kú, ó parí fún un nìyẹn. Ẹ̀rù pé yóò ṣubú ń bà mí, ẹ̀rù pé wọ́n máa mọ̀ ń bà mí. Èkejì ló ń bà mí jù. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Mo ń pè wọ́n láràárọ̀. Sátidé, wọ́n ní ara rẹ̀ le. Ọjọ́ Àìkú, wọ́n gbé fóònù fún un. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí sínú fóònù, ó ní, "Màmi, àádùn." Mo ní màá mú un wá. Ó tún ní, "Màmi, àádùn," Mọ́mì sì gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní inú ìdánwò ni ọmọ náà wà, yóò borí. Ọjọ́ Ajé, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, ife já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Ọjọ́rú, Mọ́mì ní, "Màmá, a ò mọ ohun tó ṣe é o. Ó jí, ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ."

Mo mọ̀. Kí ó tó sọ ọ́ tán ni mo ti mọ̀. Ẹni tó bá gé ahọ́n jẹ lójú oorun, mo ti nu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Mo la ẹnu láti sọ ọ́, ohun tó jáde ni pé, "Ẹ fi iyọ̀ sómi, kó fi fọ ẹnu."

Ní Ọjọ́bọ̀, mo pè, wọn kò gbé e. Mo pè títí di ọ̀sán. Ọjọ́ Ẹtì, bákan náà. Ará ilé kejì mi dúró lẹ́bàá ògiri, ó ń sọ fún mi pé wọ́n ní àwọn kan máa ń wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, tí wọ́n á wá gbé ènìyàn, tó bá kú, wọn kì í jẹ́ kí ìyá rẹ̀ rí sàárè rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n gbádùn. Mo wọlé, mo gbé ọlọ sílẹ̀, mo po àádùn méje. Ẹ wo orí kunkun mi. Nínú ẹ̀rù yẹn náà, irọ́ ni mo ṣì ń dì lẹ́rù. Mo rò pé màá ju àpò náà lórí ọgbà, kí n bẹ ẹni tó bá he é pé kó ṣáà fún un. Mo tún ká páálí oògùn tó kù mọ́ ìdí ìró mi, nítorí mi ò mọ iye ọjọ́ tí màá lò lọ́nà.

Ní àárọ̀ Sátidé, mọ́tò kankan kò ná. Ọlọ́kadà kan wà ládùúgbò wa tí mo kọ́ nígbà kan, ewú ti ń yọ lórí òun náà. Nígbà tí mo sọ ibi tí mò ń lọ, ó yí ojú padà.

"Tíṣà, ẹ padà sí ulé o. Ọlọ́pàá kún ọ̀nà."

"Tí o kò bá gbé mi, màá fẹsẹ̀ rìn ín."

"Láti Ọ̀tùn dé Ìkọ̀lé? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tiro yìí?"

"Ṣé èmi ni mo fi ọ̀nà sí ibi tó wà ni?"

Ó mí kanlẹ̀, ó ta ẹ̀rọ rẹ̀ nípàá. A gba Ìdó kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí a ń sún mọ́ Ìfàkì ni a bá igi tí wọ́n gbé dábùú ọ̀nà. Ọlọ́pàá kan, ọmọdé gan-an ni lójú mi, bi mí níbi tí mò ń lọ. Mo ní ọmọ mi ń ṣàìsàn ní Ìkọ̀lé. Ó ní àìsàn wo? Ẹ gbọ́, èmi tí mo ti fi wárápá pamọ́ fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ahọ́n mi yá jù mí lọ. Mo ní, "Ibà ni."

Ọkùnrin náà fò sẹ́yìn. Lásìkò yẹn kò sí ọ̀rọ̀ tó burú ju ibà lọ tí ènìyàn lè fẹnu ara rẹ̀ sọ. Ó ń pariwo pé ká padà, ká padà kíá, kó tó pe àwọn tó máa wá gbé wa. Ọlọ́kadà yí ẹ̀rọ padà, a padà sẹ́yìn títí a fi dé ẹ̀gbẹ́ oko kòkó kan. Ibẹ̀ ló yà wọ inú igbó. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni, ewé ń gbá mi lójú, ìbàdí mi ń ta mí bí ẹ̀rọ náà ṣe ń bọ́ sínú kòtò. Èmi kò rò ó rárá. Ohun tí mò ń rò ni pé mo ti fi irọ́ pa wákàtí kan, bóyá wákàtí yẹn ni ọmọ mi kò ní. A jáde lẹ́yìn Ọ̀yẹ́, a gba Ìlúpéjú, a sì dé Ìkọ̀lé ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀.

Wọ́n ti da eérú sílẹ̀ níwájú géètì náà bí ìlà, ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì sì mú igi dání. Ó mọ̀ mí dáadáa, mo máa ń fún un ní àgbàdo sísun, ṣùgbọ́n ó na igi náà.

"Ẹ má kọjá eérú yẹn, Yèyé. Uṣẹ́ mi ni mò ń ṣe o."

Àwọn ènìyàn tò síbi ẹ̀rọ omi pẹ̀lú korobá wọn, wọ́n jìnnà síra wọn bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n ṣe, wọ́n fi ìbòmú bo ẹnu. Wọ́n tó mẹ́wàá. Ọ̀sán gangan ń bọ̀, kò sí ohun mìíràn fún wọn láti wò ju èmi lọ. Olùṣọ́ ké sí Mọ́mì, ó sì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àárín èmi àti òun gùn tó yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ méjì. Kò sọ̀ kalẹ̀.

"Màmá! Ta ló ní kẹ́ ẹ wá?"

"Ọmọ mi dà?"

Ó wo àwọn tó wà níbi omi, ó tún wò mí. "Ara rẹ̀ kò yá. Ó ṣubú ní ìjẹta. Ara rẹ̀ le gbagidi, ẹnu rẹ̀ ń hó, ó tún ṣubú lánàá lẹ́ẹ̀mejì. A ti pe nọ́ńbà tí wọ́n ní ká pè. À ń retí wọn."

"Ó wà níbo?"

"Yàrá ẹ̀yìn."

"Pẹ̀lú ta ni?"

Ó fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra.

"Mọ́mì, mo ní pẹ̀lú ta ni!"

"Òun nìkan ni, Màmá. Gbogbo wa la ní ọmọ nílé."

Ọjọ́ méjì. Ó ń ṣubú nínú yàrá tí wọ́n tì, kò sí ẹni tó yí i sí ẹ̀gbẹ́. Mo ní kì í ṣe kòrónà. Ó ní òun kò gbọ́. Mo tún un sọ, ó fi ọwọ́ sí etí. Mo mọ̀ pé ohùn mi kò tíì jáde tó, mo sì mọ̀ pé èmi ni mi ò jẹ́ kó jáde, nítorí àwọn tó wà níbi omi. Mo kẹ́yìn sí wọn. Mo pariwo bí mo ṣe máa ń pariwo níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀.

"Wárápá ni! Wárápá ló ń ṣe ọmọ mi! Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń ṣe é!"

Mo gbọ́ tí ẹnìkan wọ́ korobá rẹ̀ nílẹ̀, ó ń gbé e jìnnà sí mi.

"Èèwọ̀ ńkọ́?" Mọ́mì ní.

"Kò sí èèwọ̀! Mo purọ́! Oògùn ló wà nínú àádùn yẹn!"

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Tí ẹ bá wọlé, Màmá, ẹ ò ní jáde mọ́ títí àwọn tí à ń retí yóò fi dé."

"Ṣé mo bi yín ní ìgbà tí màá jáde ni?"

Mo kọjá eérú náà. Olùṣọ́ gbé igi rẹ̀ sókè, ó wò mí, ó sì gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣí yàrá ẹ̀yìn, òórùn ìtọ̀ ló kọ́kọ́ pàdé mi. Abọ́ oúnjẹ mẹ́ta wà lẹ́nu ọ̀nà, méjì kò ṣí. Ọmọ mi wà lórí ẹní, ètè rẹ̀ wú, iwájú orí rẹ̀ ti bó níbi tó ti ń gbá ilẹ̀. Mo rò pé ó ti kú. Àfi ìgbà tó yí ojú sí mi, tó wò mí pẹ́, tó wá ní, "Màmi, mi ò ṣe nǹkan kan." Ó ń bẹ̀ mí. Ó rò pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ òun. Mo sunkún tí mi ò sun nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Mo fún un lóògùn, mo wẹ̀ ẹ́, mo pààrọ̀ aṣọ fún un, mo jókòó sí ìdí ògiri kejì kí ìbàdí mi lè sinmi.

Àwọn tí wọ́n ń retí kò dé lọ́sàn-án yẹn, wọn kò sì dé rárá. Ẹni tó dé ni Mọ́mì. Ó dúró ní ìta ẹnu ọ̀nà, kò tẹ ẹsẹ̀ sínú yàrá.

"Ọdún mẹ́rin, Màmá," ó ní. "Ẹ ń wo ojú mi, ẹ ń jẹun nílé mi. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí oògùn."

"Tí mo bá sọ fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣé ẹ̀ bá gbà á?"

Mo ti múra sílẹ̀ láti gbọ́ irọ́. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ tíṣà máa ń rí i lójú kó tó jáde lẹ́nu. Ó wo ilẹ̀, ó wo ọmọ náà, ó ní, "Rárá. Mi ò bá tí gbà á."

Mi ò bínú. Ó yà mí lẹ́nu pé mi ò bínú. Mo bi í pé, nísinsìnyí ńkọ́? Kó tó lè dáhùn, mo rí i tí ojú ọmọ mi yí sókè. Oògùn náà kò tíì ràn án. Ara rẹ̀ le, apá rẹ̀ ká sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Kì í ṣe pé mi ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo lè rá dé ibẹ̀. Mo ti gbé ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ láti rá. Ohun tó dá mi dúró ni pé mo gbójú sókè, mo rí Mọ́mì tó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó sún mọ́ ọmọ náà jù mí lọ, mo sì rò ó pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ yìí yóò ṣubú báyìí, tí mi ò ní sí láyé. Ẹ̀rù tó bà mí ní ìṣẹ́jú yẹn, kò tíì sí irú rẹ̀ rí. Mo kó ọwọ́ mi padà sẹ́yìn, mo fi ẹ̀yìn tẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri.

"Mọ́mì, ẹ wọlé."

Kò mira.

"Ẹ wọlé. Ẹ fi nǹkan sábẹ́ orí rẹ̀. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má dì í mọ́lẹ̀. Ẹ kàn dúró tì í."

Ó wọlé. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó ká a sábẹ́ orí ọmọ mi, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì yí i sí ẹ̀gbẹ́, ó ń ka Sáàmù lábẹ́lẹ̀, ó ń ṣì í kà, ó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀ mo ń wò wọ́n. Gbogbo ara mi ń sáré lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi, mi ò sì dìde. Nígbà tí ara rẹ̀ máa rọ̀, itọ́ rẹ̀ ti ṣàn dé ìgúnpá obìnrin náà. Ó wò ó. Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á. Ó fa etí ìborùn náà, ó kọ́kọ́ fi nu ẹnu ọmọ mi, kó tó nu ara rẹ̀.